Ìwé Mẹ́tàdínlógójì Tí Wọ́n Ní Kó Kó Kúrò

Ọdún kejìlélógún tí Ìyá Aránwèé ti ń tọ́jú ìwé ní ilé-ẹ̀kọ́ náà ni ìbínú kan wọ̀ ọ́ lára tí kò tíì jáde títí di òní olónìí.

Àwọn ọmọ ilé-ìwé ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Abẹ́rẹ́ àti òwú kì í wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé tó bá ya, á rán an. Èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ṣí, á fi gọ́ọ̀mù àti aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ̀ ẹ́ pọ̀, á gbé òkúta lé e lórí kó lè gbẹ. Àlejò tó bá gbọ́ orúkọ náà máa ń rò pé lẹ́tà ló ń bá èèyàn rán. Obìnrin kan tiẹ̀ gbé àpòòwé kan tọ̀ ọ́ wá nígbà kan pé kó bá òun fi ránṣẹ́ sí ọkọ òun. Ó dá a lóhùn pé, "Ìyá, èmi kì í rán an lọ o, mo máa ń rán an pọ̀ ni."

Yàrá ìkàwé rẹ̀ wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, lórí ibi tí wọ́n ń kó àga tó ti kán sí. Fèrèsé mẹ́fà ló ní, méjì nínú wọn kì í pa dé. Tábìlì rẹ̀ wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Òǹtẹ̀ àti íǹkì wà lápá ọ̀tún, àpótí káàdì wà lápá òsì, kò sì sí ọmọ tó lè gba ibẹ̀ kọjá láìjẹ́ pé ó rí i.

Ẹni tó bá ti tún ìwé ṣe fún ọdún méjìlélógún kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ èyí táwọn ọmọ fẹ́ràn fún un. Ẹ̀yìn ìwé ló ń sọ ọ́. Ìwé táwọn àgbà fi ń ta ọmọ lọ́rẹ níparí ọdún, ẹ̀yìn rẹ̀ á le ganrangan bí ọ̀pá àsíá. Èyí tí wọ́n fẹ́ràn, ẹ̀yìn rẹ̀ á ti já, igun ewé rẹ̀ á ti ká kò, omi tíì á ti ta sí i níbì kan. Láti bí ọdún mẹ́rin, èyí tó ń pọ̀ jù lórí tábìlì àtúnṣe rẹ̀ ni ohun táwọn ọmọ fúnra wọn ń pè ní ìwé ayé-dojúrú: ìtàn ìlú tí kò sí níbì kankan, lọ́jọ́ iwájú tí ẹnikẹ́ni kò tíì dé, níbi táwọn alágbára ti gba ohun gbogbo lọ́wọ́ aráàlú, tí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kan á wá dìde pé òun ò gbà.

Ìyá Aránwèé ò fẹ́ràn wọn rárá. Á tún wọn ṣe, nítorí iṣẹ́ niṣẹ́, ṣùgbọ́n bó ṣe ń fa òwú ló ń pòṣé.

"Ẹ wo àwọn ọmọ yìí," ló máa ń wí fún tíṣà ìṣirò, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó máa ń wá mu tíì lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà ìsinmi ọ̀sán. "Ẹni tí kò tíì tò sórí ìlà ọ́fíìsì kankan rí, òun ló ń ka ìtàn bí ayé ṣe bàjẹ́. Ṣé èyí tá a wà nínú ẹ̀ yìí ò dojúrú tó fún wọn ni?"

Tíṣà ìṣirò á rẹ́rìn-ín, á fẹ́ atẹ́gùn sí tíì rẹ̀. Èèyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n kì í fẹ́ ìjà. Bí ẹṣin bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, òun ni yóò bẹ ẹṣin.

Ọmọ àbúrò Ìyá Aránwèé kan ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ọmọbìnrin ọdún mẹ́tàlá. Nọ́ọ̀sì ni ìyá rẹ̀ ní ìlú tó jìnnà, ó sì ti tó ọdún méjì tó ti fi ọmọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kẹ́lẹ́ ni wọ́n ń pe ọmọ náà, nítorí pé tó bá ń sọ̀rọ̀, àfi kéèyàn tẹ́tí létí ẹnu rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ kan náà ló ń lọ. Aago mẹ́fà ni Ìyá Aránwèé ti máa ń jáde, torí òun ló ń ṣí ilẹ̀kùn yàrá ìkàwé. Bọ́ọ̀sì ilé-ìwé ni Kẹ́lẹ́ máa ń bá lọ ní aago méje, òun àti àwọn ọmọ àdúgbò tó jìnnà.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọ̀gá àgbà tuntun dé. Ẹ̀rín kì í kúrò lẹ́nu ọkùnrin náà, gbogbo òṣìṣẹ́ ló ń pè ní "ẹbí mi", àmọ́ ẹ̀rín ọ̀hún kì í dé ojú. Kò tíì pé oṣù kan tó dé tó fi kéde pé gbogbo ọmọ yóò ṣe ìdánwò kan ṣoṣo, wákàtí méjì péré, láti aago mẹ́jọ sí aago mẹ́wàá àárọ̀. Èsì rẹ̀ ni yóò sọ irú báàjì tí kálukú máa lẹ̀ mọ́ àyà: ewé, ìyeyè tàbí pupa. Ọmọ tí tirẹ̀ bá jẹ́ àwọ̀ ewé á kọ́kọ́ jẹun, á máa wọ yàrá kọ̀mpútà nígbà tó bá wù ú, á máa yá ìwé mẹ́ta. Onípupa ni yóò jẹun kẹ́yìn. Nígbà táwọn yòókù bá ń ṣeré, òun á jókòó máa ṣe ìṣirò àṣetúnṣe. Kò sì gbọdọ̀ yá ìwé ìtàn, nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí Ọ̀gá ṣe wí, "ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í lépa eku."

Lọ́jọ́ ìdánwò, bọ́ọ̀sì ilé-ìwé kọṣẹ́ sórí afárá. Ọmọ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n dúró, wọ́n ti bọ́ọ̀sì, wọ́n tún dúró. Nígbà tí wọ́n fi máa dé, aago mẹ́wàá ku ogún ìṣẹ́jú. Òógùn ṣì ń kán lójú wọn tí wọ́n fi gbé ìwé ìdánwò lé wọn lọ́wọ́. Nígbà tí aago mẹ́wàá lù, wọ́n gbà á lọ́wọ́ wọn bí wọ́n ṣe gbà á lọ́wọ́ gbogbo èèyàn. Mẹ́rìnlélógún nínú wọn ló gba báàjì pupa. Kẹ́lẹ́ wà lára wọn, ọmọ tó jẹ́ pé òun ló ń ṣe ipò kejì ní kíláàsì rẹ̀.

Ìyá Aránwèé rò pé wọ́n máa tún ìdánwò náà ṣe. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, oṣù kan kọjá, kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan. Nígbà tí Kẹ́lẹ́ bi í léèrè, ohun tó sọ ni pé, "Òfin lòfin. Kàwé sí i, wàá bọ́ níbẹ̀." Ó ń lọ sídìí iṣẹ́ rẹ̀, ó ń wo àyà ọmọ kó tó tẹ òǹtẹ̀. Ewé, ó yá. Ìyeyè, ọ̀kan péré. Pupa, padà. Gbogbo sáà kan ló fi ṣe bẹ́ẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, ó gbé ẹní ìbùsùn ọmọ náà pé kóun sá a sóòrùn, ìwé kan bá bọ́ sílẹ̀. Ìwé ayé-dojúrú ni. Ó ṣí i wò: kò sí òǹtẹ̀, káàdì rẹ̀ ṣì wà nínú àpò ẹ̀yìn rẹ̀. Ó yí i padà, ó sì rí òwú funfun tí wọ́n fi rán ẹ̀yìn rẹ̀. Ta ni yóò fi iṣẹ́ ọwọ́ òun han òun?

"Kẹ́lẹ́! Kí lèyí?"

"Ìwé ni, Màmá."

"Mo mọ̀ pé ìwé ni, mi ò fọ́jú. Ta ló tẹ òǹtẹ̀ sí i fún ẹ?"

Ọmọ náà wolẹ̀.

"Mo ní ta ló tẹ̀ ẹ́? Olè! Nínú ilé tèmi! Èmi tí mo ti ń ṣọ́ ìwé wọn látìgbà tí ìyá ẹ ò tíì mọ bàbá ẹ!"

Nígbà náà ni Kẹ́lẹ́ gbójú sókè. Ohùn rẹ̀ ò ròkè, àmọ́ kò gbọ̀n.

"Mo gbé e wá síwájú yín lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Màmá. Mo gbé e lé tábìlì yín. Ẹ ò wojú mi. Báàjì lẹ wò. Ẹ ní, 'Pupa, padà.' Ẹ ò tiẹ̀ mọ̀ pé èmi ni."

Ọ̀rọ̀ náà dún létí Ìyá Aránwèé bí ìgbátí. Ó gbìyànjú láti rántí ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, ìlà àwọn ọmọ tó gùn dé àtẹ̀gùn ló rántí, àti ìka ara rẹ̀ tó ń nà sí ọ̀nà ìta. Kò rántí ojú kankan. Ṣùgbọ́n àgbà kì í tètè gbà pé òun jẹ̀bi, ó tún fajú ro.

"Ìyẹn ò ní kó o jalè. Kí ló wà nínú pálapàla yìí tó tó ohun tí wọ́n ń jí?"

"Ẹ kà á."

"Èmi?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ ti rán an, Màmá. Ẹ ò kà á rí lẹ́ẹ̀kan."

Ó jókòó tì í lórí àpótí nínú ilé ìdáná, tìbínútìbínú, kó lè rí ibi tó ti máa bá ọmọ wí. Ìtàn ìlú kan tó wà lórí òkè gbígbẹ ló bá níbẹ̀. Omi ò tó níbẹ̀. Àwọn aláṣẹ bá ṣe òfin pé kí wọ́n máa wọn òjìji àwọn ọmọ. Ọmọ tí òjìji rẹ̀ bá gùn, ọmọ ire ni, òun ni yóò kọ́kọ́ mu omi. Èyí tí òjìji rẹ̀ kúrú ni yóò máa pọnmi fún un títí ayé. Òòrùn ń ràn, akọ̀wé ń na okùn ìwọ̀n, gbogbo èèyàn gbà pé ìwọ̀n kì í parọ́. Ìgbà tí ọmọbìnrin kan tó ń pọnmi wá fara balẹ̀ wo ọ̀rọ̀ náà, ó rí i pé ọ̀sán gangan ni wọ́n ń wọn àwọn ọmọ ìsàlẹ̀ òkè, nígbà tí òjìji gbogbo ẹ̀dá máa ń sá sábẹ́ ẹsẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń wọn àwọn ọmọ ilé ńlá.

Ìkòkò jó mọ́ iná, kò gbọ́ òórùn rẹ̀. Kẹ́lẹ́ ló wá sọ ọ́ kalẹ̀.

"Ta ló kọ̀wé yìí?" ni ìyá bi í, bí ẹni tó ń wá ẹni tí yóò bá jà.

"Ẹnì kan ṣá ni."

"Ṣé ó mọ ilé-ìwé yín ni?"

Kẹ́lẹ́ mi orí. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri. "Ìwé tí wọ́n ń kọ́ wa ní kíláàsì ní téèyàn bá ṣiṣẹ́ kára, á dé òkè. Tíṣà wa ní bẹ́ẹ̀, Ọ̀gá ní bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin náà ní bẹ́ẹ̀. Mo wá ń rò pé bóyá mo gọ̀ ni. Ìwé yìí nìkan ló bi mí pé aago mélòó ni wọ́n wọ̀n mí."

"Kò wá bà ẹ́ lẹ́rù?"

"Ẹ̀rù ti ń bà mí kí n tó kà á, Màmá. Níbẹ̀, ẹ̀rù ń ba ọmọ yẹn náà. Ó sì ń ṣe nǹkan síbẹ̀."

Ìyá Aránwèé ò lè jẹun mọ́ lọ́jọ́ náà. Ìbínú tó dé sí i kì í ṣe ti ọmọ mọ́. Ó bínú sí Ọ̀gá, ó bínú sí bọ́ọ̀sì, ó bínú sí òǹkọ̀wé tí kò mọ̀ ọ́n rí. Èyí tó gbóná jù nínú rẹ̀ ni ìbínú sí ìka ọwọ́ ara rẹ̀. Ó wò ó títí. Ìka yìí ló fi ń rán ìwé fún wọn, ìka yìí náà ló fi ń lé wọn.

Lọ́jọ́ Ajé, kò jẹ́ kí tíṣà ìṣirò bu ṣúgà sí tíì kó tó bi í.

"Ẹ̀yin lẹ máàkì ìdánwò yẹn. Ṣé ẹ mọ̀ pé ogún ìṣẹ́jú làwọn ọmọ bọ́ọ̀sì fi ṣe é?"

Ọkùnrin náà gbé ife sílẹ̀. "Gbogbo wa la mọ̀."

"Gbogbo yín?"

"Ìdáhùn wọn gún régé títí dé ìbéèrè kẹfà tàbí ìkeje, lẹ́yìn náà ìwé ṣófo. Afọ́jú á mọ̀. Mo kọ ọ́ sí Ọ̀gá, ó ní tóun bá ṣí ilẹ̀kùn fún ẹnì kan, gbogbo ayé ló máa wọlé." Ó nu ẹnu rẹ̀. "Mo bímọ mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n mi."

"Àwọn mẹ́rìnlélógún yìí ńkọ́, ṣé igi ló bí wọn?"

Ọkùnrin náà dìde. Kò parí tíì rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ bẹ́ jáde. Wọ́n dé kíláàsì mẹ́rin láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n bá a tí ẹnì kan ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ gàdàgbà sójú pátákó: AAGO MÉLÒÓ NI WỌ́N WỌ̀N Ẹ́? Wọ́n nù ún, ó tún yọ lójú ògiri ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Kì í ṣe àwọn onípupa nìkan ló mọ ìwé náà. Ọmọ lọ́yà kan, oníbáàjì ewé, já báàjì rẹ̀ sílẹ̀, ó sì jù ú sínú sáláńgá. Bàbá rẹ̀ gba ọ́fíìsì Ọ̀gá lọ bí ìjì láti fẹjọ́ ìwé náà sùn. Kò tíì kúrò níbẹ̀ tán tí wọ́n fi ní kí Ìyá Aránwèé máa bọ̀.

"Ẹ jókòó, ẹbí mi," ni Ọ̀gá wí. Ó ti bébà kan sí i lórí tábìlì. Orúkọ ìwé mẹ́tàdínlógójì ló wà níbẹ̀, gbogbo ìwé ayé-dojúrú tí yàrá ìkàwé ní. "Ọkọ̀ á wá kó wọn lọ́jọ́ Àbámẹ́ta lọ síbi tí wọ́n ti ń lọ bébà kúnná. Ẹ bá mi dì wọ́n sínú páálí."

"Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni wọ́n ṣẹ̀, sà?"

"Wọ́n ń kọ́ ọmọ ní àfojúdi. Ọmọ tó bá ń ka irú ẹ̀ á rò pé gbogbo àgbà ló jẹ́ ọ̀tá."

"Ṣé ẹ ti ka ọ̀kan rí nínú wọn?"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Ṣé ó dìgbà tí mo bá jẹ májèlé kí n tó mọ̀ pé ó ń pani?"

"Ó dáa. Bọ́ọ̀sì ńkọ́?"

"Bọ́ọ̀sì wo?"

"Èyí tó kọṣẹ́ lórí afárá. Ìdánwò wákàtí méjì, ogún ìṣẹ́jú lẹ fi ṣe é fún ọmọ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ẹ wá lẹ pupa mọ́ wọn láyà. Ṣé ìwé ló kọ́ wọn ní ìyẹn náà?"

Ẹ̀rín Ọ̀gá ò kúrò, ṣùgbọ́n ó gbẹ. "Ìdánwò ti kọjá lọ, Màmá. Ẹ jẹ́ ká máa wo iwájú."

"Ẹni tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ ò lè wo iwájú, sà. Ilẹ̀ ló ń wò." Ó dìde. Ó ká bébà náà sí méjì, ó dá a padà síwájú rẹ̀. "Mi ò ní dì wọ́n. Ẹ wá ẹlòmíì."

Àwọn àgbà ní ìbínú ò mọ̀ pé olówun ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìyá Aránwèé mọ̀ pé òun ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Kò lọ́kọ mọ́, kò mọ ẹni ńlá kankan, ọdún mẹ́ta péré ló kù fún un kó tó fẹ̀yìn tì. Ó mọ gbogbo rẹ̀, ìbínú náà ò sì lọ. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ẹni tó máa ń kọ àkókò tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan wọlé sínú ìwé ńlá kan. Ó ní kó jẹ́ kóun wo ọjọ́ ìdánwò.

Olùṣọ́ wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Wọn ò ní kí n fi han ẹnikẹ́ni o. Àmọ́ ìtọ̀ ń gbọ̀n mí báyìí, ìwé ò sì lẹ́sẹ̀, kò lè tẹ̀ lé mi." Ó lọ, ó pẹ́ kó tó dé. Ìyá Aránwèé da ojú ìwé náà kọ: bọ́ọ̀sì kejì, aago mẹ́wàá ku ogún ìṣẹ́jú, ọmọ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, awakọ̀ fọwọ́ sí i.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta náà ni ìpàdé àwọn òbí. Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Ọ̀gá ń fi àwòrán han àwọn òbí lórí ògiri, ìlà aláwọ̀ ewé tó ń gòkè lọ. Ó ní báàjì ti mú kí àwọn ọmọ máa sáré. Ìyá Aránwèé dìde láàárín àwọn òṣìṣẹ́ tó jókòó lẹ́yìn. Wọ́n ní kó jókòó, pé àwọn òbí nìkan ló lè sọ̀rọ̀.

"Òbí ni mí. Ọmọ àbúrò mi wà níbí, báàjì pupa ló wà láyà ẹ̀. Mo jẹ́ òṣìṣẹ́, mo jẹ́ òbí, mo sì jẹ̀bi: gbogbo sáà tó kọjá ni mo fi ń lé àwọn ọmọ yín kúrò nídìí ìwé nítorí àwọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe rí àwọ̀ yẹn."

Ó ka ohun tó dà kọ. Ó kà á pẹ̀lú ohùn tí gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́ láìlo ẹ̀rọ. Ìyá kan tó jẹ́ aránṣọ bá dìde níwájú.

"Ọmọ mi sọ fún mi pé òun gọ̀," ló wí. "Oṣù mẹ́ta. Ojoojúmọ́ ló ń sọ ọ́, pé, 'Màámi, mo gọ̀, ẹ má da ara yín láàmú.' Èmi náà ti bẹ̀rẹ̀ sí gbà á gbọ́! Ọ̀gá, mo ti bẹ̀rẹ̀ sí gbà á gbọ́!"

Ariwo ta. Lọ́yà tó kó ẹjọ́ ìwé wá ní kí wọ́n gbé bébà náà wá kóun rí i. Ó kà á, ó yọ gíláàsì rẹ̀, ó bi Ọ̀gá bóyá òótọ́ ni. Ọ̀gá ní ọ̀rọ̀ abẹ́lé ni, pé kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ nìyí. "Mi ò bi yín níbi tí wọ́n ti ń sọ ọ́," ni lọ́yà wí, "mo ní ṣé òótọ́ ni."

Àárín ariwo yìí ni Ìyá Aránwèé wo ìta láti ojú fèrèsé, ó sì rí ọkọ̀ akẹ́rù kan tó fẹ̀yìn sí àtẹ̀gùn yàrá ìkàwé. Ó sáré. Obìnrin ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ń sáré lórí òkúta wẹ́wẹ́, bàtà kan bọ́, kò yà mú un. Tíṣà ìṣirò ló bá lórí àtẹ̀gùn, páálí kan wà láyà rẹ̀.

"Ẹ̀yin?"

Ọkùnrin náà ò lè wò ó. "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní kí n ṣe é ni."

"Mo gbọ́. Ẹ gbé e sílẹ̀."

Kò gbé e sílẹ̀. Ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn, ó gbé páálí náà sínú ọkọ̀, ilẹ̀kùn ọkọ̀ sì pa dé. Awakọ̀ ò mọ̀kan, iṣẹ́ ni wọ́n rán an. Ìwé mẹ́tàdínlógójì bá ẹnu ọ̀nà jáde, ìwé òjìji wà lára wọn, nítorí pé Ìyá Aránwèé fúnra rẹ̀ ló ti dá a padà sórí pẹpẹ lọ́jọ́ Ajé, kí wọ́n má bàa pe ọmọ rẹ̀ lólè.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, lẹ́tà dé. Wọ́n kọ ọ́ sí i pé ó ṣàìgbọràn, pé kó kó ẹrù rẹ̀. Àwọn òbí ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìdánwò kú ní tiwọn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n tún un ṣe fún àwọn ọmọ bọ́ọ̀sì, wákàtí méjì gbáko. Mọ́kàndínlógún nínú àwọn mẹ́rìnlélógún ló bọ́ lọ́wọ́ pupa. Kẹ́lẹ́ ní òun ò ní lọ, kò sì lọ.

"Kí lo sọ?" ni ìyá bi í. Ó gbaná jẹ. "Mo pàdánù iṣẹ́ nítorí ìdánwò yìí!"

"Màmá, mi ò fẹ́ kí wọ́n wọ̀n mí mọ́."

"Wàá yege!"

"Mo mọ̀. Àwọn tí ò ní yege ńkọ́? Wọ́n á ṣì máa jẹun kẹ́yìn."

Ọjọ́ méjì ni wọn ò fi bára wọn sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, Ìyá Aránwèé lọ gba fọ́ọ̀mù ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn fún un, ó gbé e lé orí ìrọ̀rí ọmọ. Ní ti báàjì, wọ́n yọ wọ́n lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nítorí ariwo. Wọ́n wá ń pe àwọn ọmọ ní Àṣá, Àdàbà àti Ológoṣẹ́. Kò sí ọmọ tí kò mọ èyí tó jẹ́ pupa tẹ́lẹ̀ nínú àwọn ẹyẹ náà.

Ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ni Ìyá Aránwèé ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, ó ń ká bébà. Ó ti di òǹkàwé ayé-dojúrú, èyí tó bá ti bọ́ sọ́wọ́ Kẹ́lẹ́ ni yóò bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀. Kì í fi ọkàn balẹ̀ kà á. Ó máa ń bá àwọn òǹkọ̀wé jà. Tí ọmọ tó ní ìgboyà nínú ìtàn bá lọ jẹ́ ọmọ ọba tí wọ́n sọ nù láti kékeré, á pa ìwé náà dé pẹ̀lú ariwo. "Kí ló dé? Ṣé ọmọ ẹni lásán ò lè bínú ni?" Kẹ́lẹ́ á máa rẹ́rìn-ín, á ní kí ó farabalẹ̀ dé ìparí ná.

Bí ọdún méjì lẹ́yìn ìgbà yẹn, ó wà lórí ìlà ní ọ́fíìsì ìfìwéránṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, tó fẹ́ fi àpò kan ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀, ẹnì kan sì kí i láti ẹ̀yìn. Ọ̀gá ni. Ó ti fún irun rẹ̀ ní àwọ̀ dúdú. Ó béèrè ara, ó béèrè iṣẹ́, ó béèrè ọmọ, bí ẹni pé wọ́n jọ jẹun lánàá.

"Ó yẹ kẹ́ ẹ ti gbàgbé nísinsìnyí, ẹbí mi," ló wí, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú. "Ìbínú kì í ṣe oúnjẹ àgbà. Ó ń sọni di arúgbó."

Ìyá Aránwèé yí padà, ó wò ó láti orí dé bàtà, kò yára rárá.

"Arúgbó ti ni mí, sà," ló dá a lóhùn. "Mo ṣì ń bínú. Ó sì bá mi lára mu."

Àwọn tó wà lórí ìlà gbójú kúrò, àyàfi ọmọbìnrin kan tó wọ yunifọ́ọ̀mù, ẹni tó sọ ohun tó ń kà kalẹ̀ láti gbọ́. Akọ̀wé ké sí ẹni tó kàn. Ìyá Aránwèé gbé àpò rẹ̀, ó lọ síwájú.